Òdiwọ̀n tí Ìyàwó Mi Fún Kámẹ́rà

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà ti wà nílé kí ìyàwó mi tó dé. Àlòkù ni mo rà á ní Parakou, ó dúdú, ó wúwo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti sán. Òun ló ń pín wifi fún gbogbo ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ní bútíkì mi, lẹ́bàá títì tó ti Cotonou lọ sí Parakou. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyàwó wá sílé wa ní Tchaourou, ìyá mi ń mú un káàkiri inú ilé, wọ́n sì dé bútíkì. Ìyàwó dúró níwájú ẹ̀rọ, ó ní, "Màmá, nínú èmi àti èyí, ta ló kọ́kọ́ dé ilé yìí?" Ìyá mi ní ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dé. Ni ìyàwó mi bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ kú ilé o." Àwọn obìnrin ilé wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ìyálé ló ń jẹ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìyálé àti ìyàwó yóò rẹ́ débi tí wọn ò ní ráyè tèmi mọ́.

Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: òjòwú ni mí. Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin nìkan ni owú ń jẹ. Wọn ò tíì rí mi ni. Ìyá mi sọ pé láti kékeré ni. Ó ní bí òun bá gbé ọmọ aládùúgbò pọ̀n, n ó wó lulẹ̀ sí àárín àgbàlá, n ó máa ké títí wọn á fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Parakou ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mò ń gbálẹ̀, mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ń fi ojú jí iṣẹ́ wò. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ lọ sí yunifásítì, ó gba oyè lísáǹsì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ̀rọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ni kí n pa á, kí n sinmi díẹ̀, kí n tún un tàn. Òun kì í pa á. Á ṣí ojú dúdú kan tí lẹ́tà funfun ń sáré lórí rẹ̀, á sì máa kọ nǹkan sí i pẹ̀lú sùúrù bí ẹni ń ti ọmọ lẹ́nu kó tó sọ ohun tó ń dùn ún. Láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo ìlú ti mọ̀. Mo lè jókòó gbàgìdì sẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, kí wọ́n ní, "Tonton, ẹ káàárọ̀ o. Tata wà ńbẹ̀?" Ìyàwó mi ni Tata; ojú wọn á ti kọjá èjìká mi kí wọ́n tó kí mi tán. N ó ní èmi náà wà ńbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè é.

Nígbà òjò kan ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wá bákan. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, tí èrò Sanson àti ti Alafiarou bá ti kún ìlú, fáànù inú rẹ̀ á máa hó, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí nǹkan kan ṣí lórí fóònù rẹ̀. Mo ní ká pa á. Ìyàwó mi ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òun wò ó ná.

"Gbogbo ohun tó so mọ́ Ìyálé ló ń pè é," ó ṣàlàyé fún mi. "Bọ́tìnì tí à ń tẹ̀ ń pè é, wifi ń pè é, gbogbo wọn. Ọkàn ẹ̀rọ, noyau quoi, òun ló ń jẹ́ ìpè. Bí wọ́n bá ti pè é, á fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á jẹ́ wọn, kó tó padà sídìí iṣẹ́. Bon, bí ẹnì kan bá wá ń pè é láìdákẹ́, jíjẹ́ nìkan ni yóò máa jẹ́. Kò ní rí iṣẹ́ kankan ṣe mọ́."

Mo ní kí ló wá ṣeé ṣe.

"Èèyàn lè kọ òdiwọ̀n sí i lọ́kàn. Pé bí ìpè ẹni báyìí bá ti ju báyìí lọ, kó dúró díẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ lé e o. Kó kàn dúró, kí àwọn yòókù náà lè rí ọ̀rọ̀ wọn sọ."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó wù mí pé kó má yé mi, kí n lè rí nǹkan bá a jà lé lórí. Ṣùgbọ́n kò mọ iye tó yẹ kí òun kọ. Bí òdiwọ̀n bá ga jù, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá kéré jù, ẹni tó bá ń fi fóònù pe ọmọ rẹ̀ ní Gabon lórí wifi wa á máa gbọ́ ohùn ọmọ náà ní gígé-gígé. Ìgbà náà ló sọ pé òun á bi ẹlẹgbẹ́ òun kan tí àwọn jọ wà ní kíláàsì. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Cotonou. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ọ̀gbẹ́ni náà sì dáhùn kí omi orí iná tó hó.

Ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Ó pe ìyàwó mi ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò fi pè é mọ́ láti ìgbà tó ti wọ ilé wa, nítorí ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Ó sọ iye tó yẹ kó kọ. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, pé iye yẹn ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ ògbólógbòó. Ó ní, "O ò mọ nǹkan kan, o kàn ń sọ̀rọ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ń jiyàn bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ fi gbádùn.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́. Ìyàwó tó ń sọ fún mi pé ẹ jẹun, ẹ sinmi, ẹ máa rọra o. Kò tíì sọ fún mi rí láyé pé mi ò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé mo jowú èébú tí kò bú mi. Mo jowú rẹ̀ gan-an ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Ìyàwó mi ń ro ọbẹ̀, ó ní kí fóònù máa sọ̀rọ̀ lórí àpótí. "Sincèrement, kí lo ń ṣe ní Tchaourou? Àyè wà níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ irú nǹkan tí o mọ̀ yìí. Ronú sí i, o sì wá máa bọ̀." Ìyàwó mi pa fóònù, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó fi iyọ̀ sí i. Mo dúró kó sọ nǹkan fún mi. Kò sọ. Èmi náà ò béèrè, nítorí pé bí mo bá béèrè, ó lè dáhùn. Mo jẹ oúnjẹ alẹ́ yẹn bí ẹni ń jẹ yanrìn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú tó o. Bó bá kó aṣọ sá sórí okùn, n ó wò ó bóyá ó ń ka àwọn tó máa kó lọ ni. Bọ́ọ̀sì Cotonou ń kọjá níwájú bútíkì wa lójoojúmọ́, ó sì ti di ọ̀tá mi.

Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Goro bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, kí n wá máa wọn kajú ní ilé ìkẹ́rù oníṣòwò kan. Ibẹ̀ ni mo máa ń sùn títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí n ó wálé wá kírun. Kí n tó lọ, mo ra kámẹ́rà kan, mo kàn án mọ́ ògiri bútíkì, mo sì ti okùn rẹ̀ bọ ẹ̀yìn Ìyálé. Mo ṣètò rẹ̀ kó máa ya àwòrán léraléra bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kí n lè máa rí i lórí fóònù láti Goro. Mo ní nítorí olè ni.

Ìyá mi dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú kámẹ́rà, ó sì tẹ̀lé e lọ dé ibi tó kọjú sí. "Ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀kùn wà," ó ní. "Ṣé orí àga ìyàwó ni olè yìí máa kọ́kọ́ jókòó sí ni?"

Mo ní bí wọ́n ti máa ń kàn án nìyẹn. Ìyàwó mi ò gbé ojú sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ní Goro, abẹ́ igi òrí kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù ni nẹ́tíwọọ̀kì ti máa ń wọlé dáadáa. Ibẹ̀ ni mo sọ di ilé. Àwọn àgbẹ̀ á gbé àpò kajú wọn dé, wọ́n á máa kígbe pè mí, èmi á wà lábẹ́ igi òrí, n ó tẹjú mọ́ fóònù. Kámẹ́rà náà kì í gba ohùn. Mo rí i tí ìyàwó mi ń kọ nǹkan, mo rí i tó ń họ ṣúkù rẹ̀ lábẹ́ gèlè, mo rí i tó ń mu omi. Bó bá rẹ́rìn-ín, ọjọ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ta ló pa á lẹ́rìn-ín? Ṣé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni, àbí ẹni tó wà nínú fóònù? N ó máa wo ètè rẹ̀ bóyá n ó rí orúkọ kan gbà níbẹ̀. Mo wọn àpò kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fo òmíràn. Ọ̀gá mi bi mí pé ṣé ìyàwó mi ń rọbí ni. Mo ní rárá. Ó ní kí n gbé ojú mi padà sórí ìwọ̀n nígbà náà.

Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi pè mí. "Ìyálé ò gbádùn o. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ló ń hó, kì í ṣe ọjọ́ ọjà nìkan mọ́. Mo yí òdiwọ̀n ti wifi, kò gbọ́. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì tó ń ta wifi nísàlẹ̀ títì."

Mo ní kó pa á, kó tún un tàn.

"Mo ti ṣe é. Kò dẹ̀ gbọ́. N ó bi ọ̀rẹ́ mi."

Kí n má purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń yọ òun náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n "ọ̀rẹ́ mi" yẹn ba inú dídùn náà jẹ́. Mo padà sábẹ́ igi òrí. Mo wò ó tó gbé fóònù sẹ́nu. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó na ìka sí ẹ̀rọ bí ẹni pé ọkùnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń rí i. Èmi tí mò ń rí i, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni àwòrán náà dáwọ́ ìrìn dúró. Mo ṣí fóònù lọ́sàn-án, mo rí ìyàwó mi tó fọwọ́ sórí tábìlì, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mira. Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ni. Ó pẹ́ díẹ̀, àwòrán fò: àga ṣófo. Ó tún pẹ́, ó tún fò: ó ti padà sórí àga, ó yí orí sí igun kan tí kámẹ́rà ò dé, ó ń rẹ́rìn-ín, kọ́ọ̀bù méjì sì wà lórí tábìlì. Nígbà tó tún fò, ọ̀kan ti kúrò níbẹ̀.

Mo gbé fóònù sókè, mo gbé e sílẹ̀, mo gun gbòǹgbò igi òrí. Lọ́kàn mi, kọ́ọ̀bù méjì ṣì ni. Nígbà tí àwòrán ń rìn, ohun tí mo bá rí ni mò ń jowú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ohun tí mi ò rí ni mò ń jowú, ìyẹn ò sì lópin. Láàárín àwòrán kan àti èkejì, mo ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ara ìyá mi ò yá. Mo gun alùpùpù mi.

Ọ̀nà Goro kún fún eruku pupa àti ọkọ̀ tó kó kajú. Lójú ọ̀nà, mo ti rí ọkùnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Tchaourou. Mi ò mọ ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ti fún un ní irùngbọ̀n tó gé dáadáa, mo tilẹ̀ ti fún un ní òórùn lọ́fínńdà. Agbo màlúù kan dí mi lọ́nà. Àwọn màlúù yẹn ò kánjú. Fúlàní tó ń dà wọ́n kí mi, ó bi mí nípa ilé, ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa ooru. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú eyín tí mo há pọ̀.

Nígbà tí mo dé bútíkì, bẹ́ǹṣì kún. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti padà, kálukú tẹrí mọ́ fóònù rẹ̀. "Tonton, ẹ káàbọ̀! Connexion ti dáa o!" Mo ká aṣọ ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Ìyàwó mi wà lórí àga. Nínú igun tí kámẹ́rà ò dé, ìyá mi jókòó lórí ẹní, ó gbé kọ́ọ̀bù ògì kókó alátalẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ nìyí?" ìyá mi ní. "Ṣé kajú ti tán ní Goro ni?"

Mo ní, "Ta ló fọwọ́ kan kámẹ́rà?"

"Ẹ káàbọ̀," ìyàwó mi ní. "Èmi ni. Ẹ jókòó, eruku ti bò yín."

Mi ò jókòó. Ó ní nígbà tí gbogbo ohun tí òun mọ̀ ti tán, ọ̀rẹ́ òun sọ pé kí òun yọ okùn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn Ìyálé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun máa gbọ́ ohùn fáànù. Ó yọ ti bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, kò dákẹ́. Ó yọ àwọn mìíràn, kò dákẹ́. Ìgbà tó yọ ti kámẹ́rà ni Ìyálé mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ báyìí," ó ní. Ó ṣí ojú dúdú rẹ̀, ó pa nọ́ńbà kan rẹ́, ó kọ èyí tó ga rọ́pò rẹ̀. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lórí fóònù mi, àwòrán tún ń rìn, mo rí ara mi nínú rẹ̀, mo dúró sáàárín bútíkì, eruku bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Níta, àwọn ọmọ náà pariwo, "Ah! Tata!" Ó dá nọ́ńbà padà, ohun gbogbo sì dákẹ́.

"Òun nìkan ló ń pè é ju gbogbo àwọn tó jókòó síta yẹn lọ," ó ní. "Kò jẹ́ kí Ìyálé gbọ́ ti ẹlòmíràn. Voilà."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́ dànù?"

"Ẹ̀yin lẹ so ó mọ́ ọn. Mo kàn fún un ní òdiwọ̀n ni. Kó máa pè, ṣùgbọ́n kó máa dúró."

Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ojú títì ò ní kí owú lọ. Mo bi í pé ṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà mọ̀ pé kámẹ́rà ni. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ohùn mímọ́ náà sì jáde. "Ah non! Ta ló ń ṣọ́ ọ tó báyìí? Kí ni wọ́n ń wá lórí àga rẹ?" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó dá a lóhùn, jẹ́ẹ́jẹ́: "Olè ni ọkọ mi ń ṣọ́. Olè pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà kajú." Kókó pá ìyá mi lórí níbi tó jókòó sí, ó ń wúkọ́.

Ìgbà náà ni mo wá jókòó. Mo ní, "Cotonou ńkọ́?"

"Cotonou wo?"

"Iṣẹ́ tó fi lọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ò ń ro ọbẹ̀."

Ó kọjú sí mi. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò bi mí. Gbogbo ìgbà kajú yìí ni ẹ fi ń wò mí, ẹ ò bi mí."

"Mò ń bi ọ́ báyìí."

"Mo sọ fún un pé mi ò lọ. Lọ́jọ́ ọbẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti dá a lóhùn, ẹ ò tíì ra kámẹ́rà."

Ìyá mi dìde, ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ewúrẹ́ òun. Inú mi dùn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo nu ojú mi, eruku àti omi jọ tẹ̀lé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó síbẹ̀, ohun tó ń jẹ mí nínú ni pé ọkùnrin tó wà ní Cotonou ti gbọ́ ìdáhùn yẹn láti ọjọ́ yẹn, ó ti ń bá oorun tirẹ̀ lọ, èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni.